Ọkọ mi ń wa dánfó, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń gòkè, inú rẹ̀ kò sì dùn mọ́: ṣé ṣúgà lè ṣe ara àti ọkàn pọ̀?

Ìyá Ìbejì Múṣin

Ẹ̀yin ará wa, mo kí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ ọkọ mi ni mo gbé wá síbí, mo sì fẹ́ kí àwọn tó mọ̀ nípa ìlera fún mi ní àlàyé tí mo lè kà sí i létí, nítorí pé kì í gba ọ̀rọ̀ tí kò bá rí ìdí rẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì ni, dánfó ló ń wà láti Múṣin sí Òṣòdì, nígbà mìíràn ó máa ń dé Ìyànà-Ìpájà. Aago mẹ́rin ìdájí ló ti ń jáde nílé, ó sì máa ń tó aago mẹ́sàn-án alẹ́ kí ó tó wọlé. Láti nǹkan bí oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ni mo ti rí i pé ó ti yí padà. Ẹni tó máa ń bá àwọn ọmọ ṣeré kí wọ́n tó sùn ti di ẹni tí ariwo kékeré ń bí nínú. Bí ó bá jókòó sórí àga, oorun á gbé e lọ, ṣùgbọ́n bí ó bá dé orí ibùsùn, oorun náà á dá lójú rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó sọ fún mi pé inú òun kì í dùn sí ohunkóhun mọ́, pé òun kàn ń wa ọkọ̀ lásán ni. Ọ̀rọ̀ yẹn bà mí lẹ́rù, nítorí pé láti ọdún mẹ́rìndínlógún tí a ti fẹ́ ara wa, n kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ní oṣù tó kọjá, àwọn elétò ìlera kan wá sí gáréèjì wọn ní kùtùkùtù láti yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn awakọ̀ wò kí wọ́n tó jẹun. Wọ́n ní ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 118, pé kò tíì di àtọ̀gbẹ ṣùgbọ́n ó ti ń sún mọ́ ọn, pé kí ó lọ tún un yẹ̀ wò nílé ìwòsàn. Kò tíì lọ. Ìyá ọkọ mi ní jẹ̀díjẹ̀dí ló ń dà á láàmú, pé nǹkan dídùn tó ń jẹ ló fà á, màmá sì ti ra àgbo jẹ̀dí fún un. Èmi ń rò ó, ọ̀rọ̀ náà kò yé mi. Nínú ilé, hóró ṣúgà méjì péré ló ń fi mu tíì, kì í sì í fi ṣúgà mu gaàrí. Mo mọ̀ pé ó ń mu ẹlẹ́rìndòdò lójú ọ̀nà, ìgò méjì lójúmọ́, bóyá mẹ́ta bí oòrùn bá mú, òun àti búrẹ́dì Agége. Ó ní òun ló ń jẹ́ kí ojú òun là nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ.

Èmi fúnra mi ń ta mínírà nínú kúlà níwájú ilé wa, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn mí lọ́nà méjì. Ṣé lóòótọ́ ni ṣúgà funfun yìí lè gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kì í fi sínú tíì púpọ̀ sókè? Ṣé ó lè dé inú ọpọlọ kí ó sì mú kí inú ènìyàn má dùn mọ́? Àwọn ìbejì mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà náà máa ń fò kiri bí wọ́n bá ti mu mínírà tán. Ṣé òun ló ń gùn wọ́n?

Nọ́ọ̀sì Súrùlérè

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú bàbá, ẹ sì kú àníyàn. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, àwọn awakọ̀ àti àwọn oníṣòwò tí ọ̀rọ̀ wọn jọ ti ọkọ yín ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tí mò ń tọ́jú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú nọ́ńbà náà. Nígbà tí ènìyàn kò bá tíì fẹnu kan nǹkan láti alẹ́, ohun tí a ń retí ni pé kí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má tó 100 mílígíráàmù nínú dẹ̀sílítà kan. Bí ó bá bọ́ sáàárín 100 àti 125, ẹni náà ti dé ẹnu ààlà. Bí ó bá tó 126 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí a tún un yẹ̀ wò lọ́jọ́ mìíràn tí kò yí padà, àtọ̀gbẹ ni. Òótọ́ ni wọ́n sọ fún un ní gáréèjì nígbà náà, ó sì yẹ kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní HbA1c, èyí tó ń fi hàn bí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ti rí láti bí oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ṣọ́ ẹnu rẹ̀ fún ọjọ́ méjì péré kò lè fi tàn án jẹ. Èsì tí kò bá tó 5.7 nínú ọgọ́rùn-ún dára, láti 5.7 dé 6.4 jẹ́ ẹnu ààlà, 6.5 sókè jẹ́ àtọ̀gbẹ.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń dúró de èèrà kí a tó gbà pé ṣúgà ti pọ̀ nínú ara. Àwọn àgbà wa ríran dáadáa ní ti èyí, nítorí pé òótọ́ ni pé èèrà máa ń bo ìtọ̀ ẹni tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ga jù. Ṣùgbọ́n kídìnrín máa ń dá ṣúgà padà sínú ẹ̀jẹ̀ títí tí iye rẹ̀ yóò fi kọjá nǹkan bí 180. Láti 118 dé 180, ọ̀nà jìn, ènìyàn sì lè lo ọ̀pọ̀ ọdún láàárín méjèèjì láìrí èèrà kan ṣoṣo. Ẹ má ṣe dúró dè é.

Ó wá ku ibi tí ṣúgà náà ti ń wọlé, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí ẹ kà sí i létí dáadáa. Hóró ṣúgà kan jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 4, nítorí náà méjì tó ń fi mu tíì jẹ́ 8. Ẹ mú ìgò kan nínú kúlà yín, kí ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹlẹ́rìndòdò, ṣúgà tó wà nínú mílílítà 100 máa ń tó nǹkan bíi gíráàmù 10, àwọn kan dín díẹ̀, àwọn kan lé díẹ̀. Ìgò 50 sẹ̀ǹtílítà irú rẹ̀ yóò ní gíráàmù 50, èyí tó jẹ́ hóró ṣúgà méjìlá àti ààbọ̀. Ìgò méjì jẹ́ hóró mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ìgò mẹ́ta sì lé ní mẹ́tàdínlógójì. Bí ẹ bá ka hóró ṣúgà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sínú ife kan níwájú ọkọ yín, kò ní gbà láti mu ún, bẹ́ẹ̀ sì ni ó ń mu ún lójoojúmọ́ láìfi ojú kan ọ̀kan nínú wọn. Ní ọdún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba gbogbo orílẹ̀-èdè níyànjú pé kí ṣúgà tí a ń fi kún oúnjẹ àti ohun mímu, pẹ̀lú èyí tó wà nínú oyin àti nínú omi èso tí a ti fún, má ṣe tó ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún okun tí ènìyàn ń rí nínú oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, wọ́n sì ní yóò tún dára sí i bí kò bá tó ìdá 5. Fún ẹni tó ń jẹ kálórì 2,000 lójúmọ́, gíráàmù 50 ni ìwọ̀n àkọ́kọ́, gíráàmù 25 ni èkejì. Ìgò kan péré ti kó ìpín ọjọ́ náà tán kí ó tó bu búrẹ́dì jẹ.

Ṣúgà funfun jẹ́ nǹkan méjì tí a so pọ̀ ní ìdajì-ìdajì, glúkóòsì àti frúkítóòsì, ọ̀nà tí ara ń gbà lò wọ́n sì yàtọ̀. Glúkóòsì á wọ inú ẹ̀jẹ̀ kíákíá, ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn àpòlúkù, tí wọ́n ń pè ní pancreas, á sì tú ínsúlínì jáde láti ṣí ọ̀nà fún un wọ inú iṣan. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ léraléra lára ẹni tó jókòó láti ìdájí dé alẹ́, tí ikùn rẹ̀ sì ń yọ síwájú, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ etí ikún sí ínsúlínì, pancreas á máa ṣe iṣẹ́ àṣekúdórógbó, ọjọ́ kan á dé tí agbára rẹ̀ kò ní ká a mọ́. Frúkítóòsì ní tirẹ̀, ẹ̀dọ̀ ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí ó bá ti pọ̀ ju ohun tí ẹ̀dọ̀ lè lò lọ, yóò sọ ọ́ di ọ̀rá, ìdí sì nìyẹn tí a fi ń rí ọ̀rá lára ẹ̀dọ̀ àwọn tí kò fẹnu kan ọtí rí. Ohun tó mú kí ti inú ìgò le ju ti inú oúnjẹ lọ ni pé kì í yó ni. Ẹni tó mu hóró méjìlá ṣì máa jẹun bí ẹni pé kò mu nǹkan kan.

N kò sọ pé ṣúgà nìkan ló fa 118 yẹn o. Ìran tí ènìyàn ti wá, ìjókòó gígùn, àìsùn tó, ikùn ńlá, ẹ̀bà tó pọ̀ láìsí ọbẹ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́, gbogbo wọn ló ń dá sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ ní ọdún 2010, wọ́n rí i pé àwọn tó ń mu ìwọ̀n ẹlẹ́rìndòdò kan sí méjì lójúmọ́ fi nǹkan bí ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún súnmọ́ àtọ̀gbẹ ju àwọn tí kì í sábà mu ún lọ. Nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, ìgò náà ló rọrùn jù láti gbé sílẹ̀. Ẹ wo eyín rẹ̀ náà, nítorí pé ẹni tó ń mu díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ kò jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ sinmi kúrò lọ́wọ́ omi kíkan tí àwọn kòkòrò inú ẹnu ń fi ṣúgà ṣe.

Ní ti jẹ̀díjẹ̀dí, ẹ fi sùúrù àti ọ̀wọ̀ bá màmá sọ̀rọ̀. Ohun tí a ń pè ní jẹ̀díjẹ̀dí kó oríṣiríṣi àìsàn mọ́ra, láti orí ìgbẹ́ líle dé orí ìdí yíyọ. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú ní ojú ìdí ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀, àìjẹ ẹ̀fọ́ àti èso, àìmu omi tó, ìjókòó pípẹ́ àti fífi agbára tì nígbà tí a bá ń yàgbẹ́ ló sì ń fà á. Awakọ̀ tí kì í mu omi nítorí pé kò mọ ibi tí yóò tọ̀ sí láàárín Òṣòdì àti Ìyànà-Ìpájà wà nínú ewu rẹ̀, yálà ó jẹ ṣúgà tàbí kò jẹ ẹ́. Màmá kò ṣìnà nígbà tó ní kí ọmọ òun dín adùn kù, àgbo náà ni kò lè gbé 118 wálẹ̀. Bí ó bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi ọtí rẹ ni, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó mu ún lọ sẹ́nu iṣẹ́.

Olùkọ́ Ìsàlẹ̀-Èkó

Ìyá Ìbejì, mo kí yín, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ ọkàn ni èmi fẹ́ fi ìdáhùn mi lé lórí. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì ti bá ìsoríkọ́ jà fún ọdún mẹ́ta, nítorí náà mo ti ka ohun púpọ̀ lórí rẹ̀.

Ọkọ yín ní ìgò náà ló ń jẹ́ kí ojú òun là. Ohun tó ń rò lára ni, kò parọ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ bá a wò ó bóyá ṣúgà ló ń ṣe é. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ láti Jámánì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó ìwádìí 31 jọ lórí ohun tí ṣúgà ń ṣe sí ìṣesí ènìyàn. Wọn kò rí i pé ó mú inú ẹnikẹ́ni dùn. Ohun tí wọ́n rí ni pé láàárín wákàtí kan tí ènìyàn bá jẹ ẹ́, àárẹ̀ á pọ̀ sí i, ojú kò sì ní là tó ti ẹni tí kò jẹ ẹ́. Ohun tó ń la ojú nínú ìgò dúdú nì, àti nínú àwọn agolo tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń wá agbára, ni káféènì, ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tó wà nínú kọfí. Káféènì náà kì í tètè kúrò lára. Ẹni tó mu ún ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ṣì ní púpọ̀ nínú rẹ̀ lára nígbà tó bá fẹ́ sùn, ẹ sì sọ fún wa pé bàbá kì í rí oorun sùn lórí ibùsùn. Lọ́jọ́ kejì, ẹni tí kò sùn á tún wá ìgò. Ẹ bi í léèrè irú èyí tó ń mu àti àkókò tó ń mu èyí tó kẹ́yìn. Èmi gbà pé ibẹ̀ yẹn ni oorun rẹ̀ ti ń bàjẹ́ ju ibi tí ṣúgà wà lọ.

Ṣé ṣúgà púpọ̀ lè wá mú ìsoríkọ́ bá ènìyàn ní ọjọ́ pípẹ́? Ìwádìí kan wà tí wọ́n ti ń ṣe lórí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 1985, Whitehall II ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 2017, wọ́n gbé èsì kan jáde láti inú rẹ̀ pé àwọn ọkùnrin tí ṣúgà wọn lójúmọ́ kọjá gíráàmù 67 fi ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún súnmọ́ ìdààmú ọkàn lẹ́yìn ọdún márùn-ún ju àwọn tí tiwọn kò tó 39.5 lọ. Wọ́n tún wò ó bóyá àwọn tí ọkàn wọn ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀ ló ń sá tọ ṣúgà lọ, wọn kò rí ẹ̀rí pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ìgò méjì ọkọ yín nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100 gíráàmù. Síbẹ̀, ó yẹ kí n sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí bó ti rí: irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ń fi hàn pé nǹkan méjì ń rìn pọ̀, kò lè búra pé ọ̀kan ló bí èkejì.

Èyí tó fún èmi ní ìrètí ni ti ilẹ̀ Ọsirélíà, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2017 kan náà. Àwọn ènìyàn 67 tí ìsoríkọ́ ń yọ lẹ́nu ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì fún ọ̀sẹ̀ méjìlá. Wọ́n ran apá kan lọ́wọ́ láti yí oúnjẹ padà sí ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹja, èso àti ọkà tí a kò bó, kí wọ́n sì dín nǹkan dídùn àti ohun mímu oníṣúgà kù, wọ́n sì fún apá kejì ní ẹni tí yóò máa bá wọn tàkúrọ̀sọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjìlá, ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó yí oúnjẹ padà ni ìsoríkọ́ wọn ti lọ sílẹ̀ débi pé wọn kò kà á sí àìsàn mọ́, nígbà tó jẹ́ ìdá 8 péré ní apá kejì. Àwọn ènìyàn náà kò pọ̀, oúnjẹ wọn lápapọ̀ ló sì yí padà, kì í ṣe ṣúgà nìkan. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ẹja kò jìnnà sí wa ní Èkó.

Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀wọ́, ohun kan wà tí ó kọjá ọ̀rọ̀ ìgò. Ọkùnrin tó bá sọ pé inú òun kì í dùn sí ohunkóhun mọ́, tí ó sì ti pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, yẹ kí ó rí dókítà nítorí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, kí a má ṣe dúró títí tí ṣúgà yóò fi wálẹ̀. Ẹ bi í tààrà, ní àkókò tí ariwo kò sí, bóyá ó máa ń wá sí i lọ́kàn pé kí òun má sí láyé mọ́. Ìbéèrè yẹn kì í gbin èrò náà sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn, ó máa ń jẹ́ kí ẹni tó ti ń dá a gbé sọ ọ́ jáde ni. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ mú un lọ, ẹ má sì ṣe fi òun nìkan sílẹ̀. Wọ́n ń rí irú rẹ̀ ní gbogbo ilé ìwòsàn ńlá. Mo mọ̀ pé bí a bá dárúkọ ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Yábàá, tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1907, ojú a máa ti àwọn ènìyàn wa. Ẹ̀gbọ́n mi ń lọ síbẹ̀ láti ilé, ó ń gba ìtọ́jú, ó sì ń padà wálé lọ́jọ́ kan náà. Òun ló ń se ọbẹ̀ ọjọ́ Àìkú wa báyìí.

Àwọn ìbejì kò nílò kí ẹ da ara yín láàmú lórí ti ọpọlọ. Ní ọdún 1995, wọ́n kó àwọn ìwádìí tí wọ́n ti fún àwọn ọmọdé ní ṣúgà tàbí ohun tó jọ ọ́ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ èwo ni èwo jọ, wọn kò sì rí i pé ṣúgà ń yí ìwà wọn padà. Nínú ìwádìí mìíràn ní 1994, wọ́n sọ fún àwọn ìyá kan pé ọmọ wọn ti jẹ ṣúgà, nígbà tó sì jẹ́ pé kò jẹ ẹ́, àwọn ìyá náà sì ń rí i pé ọmọ ń ṣe wàdùwàdù. Ọmọ ọdún mẹ́fà a máa fò, ìbejì sì ni tiyín. Nítorí eyín wọn àti nítorí ìwọ̀n ara wọn ni kí ẹ fi dín mínírà wọn kù.

Bàbá Àpápá

Ìyá Ìbejì, ọmọ mi, Ọlọ́run yóò fún ọkọ rẹ ní àlàáfíà. Iṣẹ́ akọ̀wé ni mo ṣe ní èbúté Àpápá títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì rí ṣúgà kí ó tó di funfun. Láti Bràsíìlì ni ọkọ̀ ojú omi ti ń gbé èyí tó pọ̀ jù wá, ó máa ń pupa rúsúrúsú, ó sì máa ń ta sánsán bí ìrèké tí a sè. Ní ilé iṣẹ́ Dangote tó wà ní Àpápá níbẹ̀, wọn a yọ́ ọ sínú omi gbígbóná, wọn a sẹ́ ẹ, wọn a yọ àwọ̀ rẹ̀ kúrò, wọn a sì tún sè é títí yóò fi di hóró wínníwínní tó ń dán. Mo sọ èyí nítorí àwọn tó ń sọ pé májèlé kan ni wọ́n ń fi sọ ọ́ di funfun, àti nítorí àwọn tó ń ra ṣúgà pupa ní owó gọbọi pé òun ni kò léwu. Ohun tó wà nínú pupa tí kò sí nínú funfun kò tó nǹkan, gíráàmù rẹ̀ sì ni gíráàmù. Èyí tí wọ́n ń tà fún wa nílé ní fítámì A tí òfin ní kí wọ́n fi sí i, ṣùgbọ́n ẹni tó ń jẹ ẹ̀fọ́ tó sì ń fi epo pupa se ọbẹ̀ ti rí fítámì A kó tó dé ọ̀dọ̀ ṣúgà. Ìrèké gan-an ni kí ẹ wò. Kí ènìyàn tó fi eyín bó o, kí ó tó jẹ ẹ́, kí ó tó tu háhá rẹ̀ dànù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á ti máa ro ó kí ó tó jẹ ìdajì ohun tó wà nínú ìgò kan.

Mo ní àtọ̀gbẹ. Ọdún 2016 ni mo mọ̀, nígbà tí egbò kékeré kan ní ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi kọ̀ tí kò jinná. Bí mo ṣe fi ṣúgà sílẹ̀ lè wúlò fún ọkọ rẹ. N kò ṣe é lọ́jọ́ kan. Hóró mẹ́rin ni mo ń fi mu tíì, mo sọ ọ́ di mẹ́ta fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo sọ ọ́ di méjì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí kò fi sí mọ́. Ìyàwó mi ń se zóbò pẹ̀lú atalẹ̀ àti kànáfùrù láìfi ṣúgà sí i, ó ń fi sínú fìríìjì, èyí ni mo sì ń gbé jáde. Lóṣù kẹta, wọ́n fún mi ní mínírà níbi ìsìnkú kan ní Èbúté-Mẹ́ta, n kò lè mu ún ju ẹ̀kún ẹnu méjì lọ, ó dùn kọjá ohun tí ahọ́n mi lè gbà. Ahọ́n tí a ti kọ́ ní àdídùn, a lè tún un kọ́. Ní ọdún 2022, ìjọba fi owó orí náírà 10 lé lítà kan ẹlẹ́rìndòdò, ṣùgbọ́n èmi kò rò pé náírà 10 lè dá ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ lójú ọ̀nà Òṣòdì dúró. Omi tútù tó wà nítòsí rẹ̀ ló lè dá a dúró.

Mo tún fẹ́ sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má bàa kórìíra ṣúgà kọjá bó ti yẹ. Ọdún kan lẹ́yìn tí mo bẹ̀rẹ̀ oògùn, mo lò ó láàárọ̀ láìjẹun, mo sì wọ ọkọ̀ lọ sí Erékùṣù Èkó. Ọkọ̀ há sórí afárá Third Mainland. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mo ń bínú sí ẹni tó jókòó tì mí láìsí ìdí, nígbà tó yá n kò mọ ibi tí mò ń lọ mọ́. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló fura, ó ra mínírà lọ́wọ́ ọmọ tó ń kiri láàárín ọkọ̀, ó sì fi sí mi lẹ́nu. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ojú mi wálẹ̀. Ṣúgà mi ló ti lọ sílẹ̀ jù. Láti ọjọ́ náà, hóró ṣúgà mẹ́rin kì í kúrò nínú àpò mi, mo sì mọ̀ lára mi pé bí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ bá dà rú, inú orí náà á dà rú. Ọkọ rẹ kò tíì lo oògùn, kò nílò ti inú àpò yìí, má sì ṣe jẹ́ kí ó fi ìtàn mi ṣe àwáwí láti mu ìgò rẹ̀.

Ìyá Ìbejì Múṣin

Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Bàbá Àpápá, mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó kúnlẹ̀, ẹ ṣé é sà.

Mo ka ìdáhùn yín sí i létí lálẹ́ àná, mo sì ṣe ohun tí Nọ́ọ̀sì sọ. Mo ka hóró ṣúgà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sínú abọ́, mo gbé e síwájú rẹ̀. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, ó ní, "Gbogbo èyí?" Kò sọ nǹkan mìíràn. Mo bi í ní ìbéèrè tí Olùkọ́ ní kí n bi í. Ó ní rárá, kò dé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó sunkún, ó sì ní owó ọkọ̀ tó ń san fún onímọ́tò lójoojúmọ́ kì í jẹ́ kí òun simi, pé òun kò fẹ́ kí n mọ̀. N kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. A jọ gbà pé a ó rí dókítà lọ́jọ́ Ẹtì fún àyẹ̀wò náà àti fún ọ̀rọ̀ yìí pọ̀. Ìgò ìrọ̀lẹ́ ló ní òun máa kọ́kọ́ fi sílẹ̀.

Ó ku ìbéèrè méjì. Ṣé kò gbọdọ̀ jẹun kí ó tó lọ ṣe HbA1c, nítorí pé ó fẹ́ fi àárọ̀ náà ṣiṣẹ́ díẹ̀? Mínírà tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kò ní ṣúgà ńkọ́, ṣé kí n fi rọ́pò rẹ̀ fún un?

Nọ́ọ̀sì Súrùlérè

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Kò nílò láti fi ebi pa ara rẹ̀ fún HbA1c, ó lè jẹun kó lọ, àkókò yòówù tí ó bá bọ́ sí. Bí dókítà bá tún fẹ́ ṣe ti ìgbà tí ènìyàn kò tíì jẹun, wọn yóò fún un ní ọjọ́ mìíràn.

Ní ti èyí tí kò ní ṣúgà, kò ní gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sókè bí ti àtijọ́, ó sì lè fi ṣe àtẹ̀gùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbani níyànjú ní ọdún 2023 pé kí a má ṣe gbára lé irú adùn bẹ́ẹ̀ láti fi dín ìwọ̀n ara kù, nítorí náà ẹ má ṣe sọ ọ́ di ohun tí yóò máa mu títí. Bí ó bá jẹ́ dúdú ni, káféènì ṣì wà nínú rẹ̀, kí ó má mu ún lẹ́yìn ọ̀sán. Nínú kúlà yín, ẹ kó omi sí òkè, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ yóò ti kọ́kọ́ bà á ní aago mẹ́rin ìdájí, kí ẹ sì kọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ sílẹ̀ fún wa bí ẹ bá dé lọ́jọ́ Ẹtì.